Ọwọ́ Dúró, Ojú Ń Ṣiṣẹ́

LibreOffice ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ lẹ́tà tí wọ́n sì fi ń ṣírò owó láìsan kọ́bọ̀. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba: ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe. The Document Foundation, àjọ tó ń bójú tó o láti ìlú Berlin ní Jámánì, máa ń gbé ẹ̀dà ńlá jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀kan nígbà tí oṣù Èrèlé bá ń wọlé, èkejì nínú oṣù Ògún. Kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó jáde, ìgbà kan máa ń dé tí àwọn tó ń kọ ọ́ á káwọ́ kúrò lára rẹ̀. Code freeze ni wọ́n ń pe ìgbà náà. Ohun tuntun kankan kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, bó ti wù kó dára tó. Àtúnṣe àléébù nìkan ló lè kọjá, ìyẹn náà kò sì rọrùn. Ohun tí wọ́n bá kó jọ lásìkò yìí ni release candidate, RC lẹ́nu àwọn oníṣẹ́: ẹ̀dà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ni aráyé máa lò, bí ẹnikẹ́ni kò bá rí nǹkan kan wí sí i.

Iṣẹ́ ẹni tó ń wá nǹkan wí sí i ni mo jókòó wò. Àbúrò mi kan ní Ìbàdàn ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, ló ń jókòó tì í. Ẹ̀dà 24.2 ni wọ́n ń dán wò nígbà náà, èyí tó padà jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, RC kejì rẹ̀ ló sì wà níwájú rẹ̀.

Fáìlì RC náà tóbi, dátà òru ló fi gbé e wálẹ̀. Kí ó tó tú u, ó kọ sha256sum sórí terminal, fèrèsé tí èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó fi orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e, ó tẹ Enter. Ìlà kan jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí kò dún bí ọ̀rọ̀ kankan létí. Ó gbé ìlà tí àwọn tó kọ́ ẹ̀dà náà tẹ̀ síta sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi méjèèjì wéra, kọ̀ǹpútà ní wọ́n bára mu, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ṣì rìn ín láti òsì dé ọ̀tún, ó sì rọra kọjá láàárín, níbi tí ojú ẹni tó ń kánjú ti máa ń fò. Bí báìtì kan ṣoṣo bá yí padà lójú ọ̀nà, ìlà náà kò ní bára mu. Bí kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, àléébù tó bá rí lẹ́yìn ìgbà náà lè jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí òun máa dì í ru sọ́fúwià.

Ó tú u. Fáìlì .deb ló kún inú fódà DEBS. Sudo dpkg -i *.deb ló fi gbé gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lọ sí /opt/libreoffice24.2. LibreOffice àtijọ́ tó ń lò lójoojúmọ́ wà láyè tirẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé kí ló dé tí kò yọ ọ́ kúrò kí kọ̀ǹpútà lè fúyẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹlẹ́rìí mi nìyẹn,” ló fèsì, kò gbójú sókè.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni mo kà sí ojúlówó iṣẹ́ ọwọ́. Kò tẹ àwòrán LibreOffice lójú kọ̀ǹpútà bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Láti orí terminal ló ti pè é, ó sì fi gbólóhùn kan kún un: -env:UserInstallation=file:///tmp/idanwo. LibreOffice ní fódà kan ní kọ̀rọ̀ tó ń kó ìṣe ẹni tó ń lò ó sí: fọ́ǹtì tó yàn, ọ̀rọ̀ tó kọ́ ọ, bọ́tìnnì tó ṣí nípò, extension tó gbé wọlé lọ́jọ́ kan tó sì ti gbàgbé. Èyíkéyìí nínú wọn lè dá wàhálà sílẹ̀ kó má sì jẹ́jọ́. Gbólóhùn yẹn ń sọ fún RC pé kó fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ nínú fódà òfìfo. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, àṣà oníṣẹ́ kò lọ́wọ́ sí i.

Fèrèsé náà ṣí. Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú rẹ̀, ó lọ sí Help, ó tẹ About. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, 24.2.0.2. Èyí tó gbẹ̀yìn ló ń sọ RC kelòó ló jẹ́. Build ID wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun ló ń tọ́ka gangan sí ibi tí kóòdù dé nígbà tí wọ́n kọ́ ẹ̀dà náà. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹ̀rọ, èdè, àti bí àwòrán ṣe ń yọ sójú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì kékeré kan wà tó ń da gbogbo rẹ̀ kọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí nǹkan bá bàjẹ́ tán ni wọ́n ń wá nọ́ńbà yìí, nígbà tí sọ́fúwià ti kú tí kò sì ṣí mọ́.

Kọ̀ǹpútà ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀. Bí àtúnṣe kan bá fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ á kọ́ gbogbo rẹ̀, á ṣe ìdánwò tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ohun tó bá sì kùnà níbẹ̀ kì í dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó kù fún èèyàn ni ohun tí kò sẹ́ni tó rántí kọ ìdánwò fún. Ẹni tó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé á lọ wo ibi tí ìlà ti ń yí padà sápá òsì. Àwọn ará Japan á wo tiwọn. Àbúrò mi ń wo Yorùbá.

Fáìlì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti ń lò láti ìgbà pípẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì gba ojú ewé àkọ́kọ́: ẹ́. Unicode, ètò tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà fún ẹ, 1EB9. Ó ní fún ọ, 1ECD. Ó ní fún ṣ, 1E63. Kò ní ẹyọ nọ́ńbà kankan fún ẹ tó ní àmì ohùn òkè. Èèyàn ló máa kó o jọ fúnra rẹ̀, ọ̀nà tó sì lè gbà kó o jọ ju ọ̀kan lọ. Ó lè mú ẹ tó ti ní àmì nísàlẹ̀, kó fi 0301 lé e lórí. Ó lè mú e lásán, kó fi 0323 sísàlẹ̀, kó fi 0301 sókè. Ó sì lè mú é, tí òyìnbó Faransé ń lò, 00E9, kó wá fi 0323 sísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun kan náà ni Unicode ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, ojú kan náà ló sì yẹ kí wọ́n ní.

Ó tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún èyí àkọ́kọ́ ó lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó bá Linux wá. Fún àwọn tó kù ó tẹ nọ́ńbà náà gan-an, ó wá tẹ Alt àti X pọ̀, nọ́ńbà yẹn sì di lẹ́tà lójú ẹsẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sórí ìlà kan. Ó fà wọ́n tóbi títí wọ́n fi gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà, ó sún mọ́ ọn, ó ń wo àlàfo tó wà láàárín orí e àti àmì náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá ìdiwọ̀n orí ìwé wo ọ̀gangan tí wọ́n dúró sí. Wọ́n bára mu.

Ó wá gbé ìka lé ọfà ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ìka kúrò pátápátá, ó wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí kọ́sọ̀ tó ń ṣẹ́jú yẹn fò lórí ẹ́, yálà nọ́ńbà méjì ló kó o jọ tàbí mẹ́ta. Ó tẹ ọfà òsì, ó tún padà. Ó gbìyànjú Delete láti iwájú, ó mú un padà pẹ̀lú Ctrl+Z, ó gbìyànjú Backspace láti ẹ̀yìn: ṣé àmì ohùn nìkan ló lọ, àbí lẹ́tà náà bá a lọ? Kì í bi ara rẹ̀ pé èwo ni òun fẹ́. Ó ń ṣí LibreOffice àtijọ́, ó ń ṣe ohun kan náà nínú rẹ̀, ó ń kọ ìdáhùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lásìkò freeze, ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé ǹjẹ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá ṣì ń ṣiṣẹ́. Èrò nípa bó ṣe yẹ kí nǹkan rí ní ìgbà tirẹ̀, nígbà tí ìlẹ̀kùn bá tún ṣí.

Ó kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó fi máùsì yàn án, ó tẹ Shift àti F3. Ọ̀rọ̀ náà di Ẹ̀kọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó di Ẹ̀KỌ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó padà sí bó ṣe wà. Kò sí àmì kan tó jábọ́ lójú ọ̀nà.

Ibi tó pẹ́ jù ni ìtọ́jú fáìlì. Ó tọ́jú ojú ewé yẹn ní .odt, ó pa LibreOffice dé pátápátá, ó tún un ṣí, ó wò ó. Ó tọ́jú rẹ̀ ní .docx, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ di PDF, ó da ọ̀rọ̀ inú PDF náà kọ, ó lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn láti mọ̀ bóyá lẹ́tà gidi ló wà níbẹ̀ tàbí àwòrán tó jọ lẹ́tà. Èyí tó ṣe kẹ́yìn kò sí nínú ohun tí mo rò pé èèyàn ń yẹ̀ wò. Fáìlì .odt kì í ṣe nǹkan kan ju àpò ZIP lọ, àwọn fáìlì mìíràn ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ content.xml ló sì gbé ọ̀rọ̀ dání. Ó fi unzip -p fa ìyẹn nìkan jáde, ó dà á sínú xxd, báìtì inú rẹ̀ sì tò sójú terminal ní méjì-méjì. Ó ń yí i lọ sísàlẹ̀ títí ó fi rí i: e1 ba b9, ẹ nìyẹn; cc 81, àmì òkè nìyẹn. Báìtì márùn-ún fún lẹ́tà kan. Ó fi ìka tẹ̀ lé wọn lójú kọ̀ǹpútà, ó lọ sí èkejì, níbi tí e ti jẹ́ 65 tí cc a3 sì tẹ̀ lé e, ó rí i pé LibreOffice kò tún un tò, kò dín in, kò fi kún un. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ojú ewé kejì ni mo ti rò pé ọwọ́ ti tẹ nǹkan. Oríṣiríṣi fọ́ǹtì ló fi kọ ìpínrọ̀ kan náà níbẹ̀, nínú ọ̀kan nínú wọn sì rèé, àmì òkè kò sí lórí ọ́. Ó ti yẹ̀ sápá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

“Ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àbí?”

“Ẹ jẹ́ ká wò ó ná.”

Kò ṣí ojú ewé tí wọ́n ń fi àléébù sùn sí. Ó ṣí LibreOffice àtijọ́: àmì náà yẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ibì kan náà. Ó padà sínú RC, ó yí ìpínrọ̀ náà sí DejaVu Sans: àmì náà padà sórí ọ. Ó yí i padà sí fọ́ǹtì ti tẹ́lẹ̀: ó yẹ̀. Ó kọ o tí kò ní àmì nísàlẹ̀, ó fi àmì òkè lé e: ó jókòó dáadáa. Ó dákẹ́ díẹ̀ níbí. Láti ẹ̀dà 5.3, ọdún 2017, HarfBuzz ni LibreOffice ń lò níbi gbogbo láti to lẹ́tà sórí ìlà, HarfBuzz sì ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tó dá dúró, hb-shape. Ó pè é lórí terminal, ó fún un ní fọ́ǹtì yẹn àti lẹ́tà yẹn, láìsí LibreOffice níbẹ̀ rárá. Hb-shape kì í ya àwòrán. Orúkọ lẹ́tà àti nọ́ńbà ló ń tẹ̀ jáde, bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe sún sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sókè. Nọ́ńbà tó yẹ kó fa àmì náà padà sórí ọ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà ti sọ fún e àti o ibi tí àmì òkè yóò dúró lé, kò sọ ọ́ fún ẹ àti ọ. Ẹjọ́ fọ́ǹtì ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, ó sì tẹ̀ síwájú. Ìròyìn tí kò kọ yẹn gba àkókò ju èyí tí ì bá kọ lọ, àwọn tó wà lẹ́nu freeze ní Jámánì àti níbòmíràn kò sì ní mọ̀ láéláé pé ó gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà.

Ká ní LibreOffice àtijọ́ ti ṣe é dáadáa tí RC wá bà á jẹ́ ńkọ́? Mo bi í, ó sì fi bó ṣe ń rí hàn mí. Àwọn tó ń ṣe LibreOffice ń tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ́ parí, rẹpẹtẹ, sínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, ní títò bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bibisect ni orúkọ rẹ̀. Èèyàn á tọ́ka sí ẹ̀dà kan tó dára, git bisect good, á tọ́ka sí ọ̀kan tó bàjẹ́, git bisect bad. Git á bọ́ sáàárín méjèèjì, á gbé ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ kalẹ̀. Oníṣẹ́ á ṣí i nínú fódà òfìfo, á ṣe ohun kan náà gan-an, á dáhùn good tàbí bad, git á tún pín èyí tó kù sí méjì. Bí ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan bá wà láàárín, nǹkan bí ìdáhùn mẹ́wàá á gbé e dé orí èyí tí nǹkan ti yí padà. Bí ọ̀kan kò bá ṣí rárá, git bisect skip ló máa sọ. Kò gbọdọ̀ méfò, torí ìdáhùn kan tó bá wọ́ á wọ́ gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Git ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀, bisect log máa ń sọ ọ́ tí wọ́n bá bi í, síbẹ̀ bébà ni àbúrò mi fi ń kọ tirẹ̀, pẹ̀lú báírò, nọ́ńbà ẹ̀dà lápá òsì, ìdáhùn lápá ọ̀tún. Iná lè lọ nígbàkígbà, ó ní.

Lẹ́yìn èyí ló bọ́ sórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àléébù tí ẹnì kan bá sùn ní LibreOffice máa ń wà ní UNCONFIRMED títí ẹlòmíràn á fi rí i lójú ara rẹ̀. Ẹni tó sùn ún kọ́ ló máa fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ó mú ọ̀kan tó ní ìlànà márùn-ún, ó sì tẹ̀ lé e bó ṣe wà. Níbi tí wọ́n ti ní kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan tó. Níbi tí wọ́n ti lo máùsì, kò lo kíbọ́ọ̀dù. Èmi ì bá ti gba ọ̀nà àbùjá. Òmíràn wà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ló gbé dání, pé sọ́fúwià ń kú tí òun bá fẹ́ tẹ̀wé. Kò bínú sí onítọ̀hún. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè fáìlì náà, irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ohun tó wà nínú About, ó sì yí ipò àléébù náà sí NEEDINFO, pé àlàyé ṣì kù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù, kò yára. Àtúnṣe á kọ́kọ́ wọ ẹ̀ka master, níbi tí iṣẹ́ ẹ̀dà tó ń bọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n tó mú un sọdá sí ẹ̀ka RC. Orí Gerrit, ojú òpó tí wọ́n ti ń yẹ àtúnṣe wò, ni ẹlòmíràn ti máa kà á láti ìlà dé ìlà, bí ọjọ́ ìjáde bá sì ṣe ń sún mọ́ ni ojú tó gbọ́dọ̀ kà á ń pọ̀ sí i. Àtúnṣe tó bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú àkójọ àṣẹ máa ń dúró, nítorí àwọn tó ń túmọ̀ LibreOffice sí èdè míì ti parí iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tuntun kan á sì ṣí wọn sílẹ̀ ní gbogbo èdè. Ìlà kan tó kúrú ló sábà máa ń kọjá: ibi tí ẹnì kan ti gbàgbé láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan ṣófo.

RC kẹta jáde. Àbúrò mi kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ó gbé fáìlì tuntun wálẹ̀, ó ṣe sha256sum, ó yọ èyí ti tẹ́lẹ̀ kúrò ní /opt, ó pa fódà idanwo rẹ́ kó lè tún ṣófo, ó ṣí About, ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀: 24.2.0.3. Àwọn àtúnṣe tó wọlé láàárín RC méjèèjì wà lórí àkọsílẹ̀ kan; ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá èyí tó bá kan lẹ́tà àti fọ́ǹtì, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ mẹ́ta, ọfà ọ̀tún, ọfà òsì, Delete, Backspace, Shift àti F3, e1 ba b9 cc 81.

Nígbà tí wọ́n kéde 24.2 fún aráyé, 24.2.0.3 yẹn ló jáde. Wọn kò tún un kọ́, wọn kò yọ nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn kúrò kó lè dùn ún wò. Ẹni tó bá ṣí About nínú rẹ̀ á rí 3 níbẹ̀. Ká ní wọ́n tún un kọ́ ni, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò ni wọn ì bá fi lé aráyé lọ́wọ́. 24.2.1 tẹ̀ lé e, òun náà sì ní RC tirẹ̀.